Ọjọ́ Tí A Ru Kéèjì Òfìfo Lọ sí Ọ́fíìsì Ẹran Ọ̀sìn

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ kò jìnnà. A ti ń fi fóònù gba owó, a sì ti ń ṣe ìpàdé lórí Wásáàpù, ṣùgbọ́n oúnjẹ adìyẹ ti wọ́n débi pé ẹni tó ń sin igba adìyẹ, bí ẹni tó ń bọ́ igba ọmọ ni. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni, nígbà tí eruku ọyẹ́ ṣì bo òrùlé gbogbo ilé tó wà láàárín Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò ní Èkó, tí a sì ń wo ojú ọ̀run pé òjò àkọ́kọ́ á rọ̀. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà, mo sì rò pé mo ti ja gbogbo ìjà tí mo máa jà láyé mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń wá sílé mi pé kí n sọ bí a ṣe ń ja ìjà ẹgbẹ́, ìyanṣẹ́lódì ilé iṣẹ́ aṣọ lẹ máa ń fẹ́ gbọ́. Mo ti sọ ìyẹn fún yín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di àlọ́. A borí nínú ìyẹn, kì í sì í rẹ ẹni tó borí láti máa ròyìn. Èyí tí mò ń kọ lónìí ni èyí tí kì í jẹ́ kí n jókòó pẹ́ lójú kan.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ ahunṣọ kan ní àgbègbè àwọn ilé iṣẹ́ Ìsọlọ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan ṣì fi ń pè mí ní Àǹtí Yúníọ̀nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìyá Kẹ́mi lorúkọ mi ní àdúgbò. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, mo fi owó tí wọ́n kó lé wa lọ́wọ́ ra òròmọdìyẹ, mo sì kọ́ ilé adìyẹ sẹ́yìn ilé mi ní Òkè-Àfà. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé èmi nìkan kọ́ ló ronú bẹ́ẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú wà níbẹ̀, opó wà níbẹ̀. A lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n. A dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí á lè máa ra oúnjẹ adìyẹ pọ̀, a sì fi Ọ̀gbẹ́ni Fálọlá ṣe alága. Ará Oǹdó ni, ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì, Àjàó Estate ló ń gbé. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹni tó máa ń fi rúlà fa ìlà sábẹ́ ohun tó bá kọ.

Nínú ẹgbẹ́ yìí ni Ìyá Ṣadé wà. Ìsẹ́yìn ló ti wá sí Èkó. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì yá yàrá méjì àti ilẹ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kánààlì, níbi tó ti ń sin ọ̀ọ́dúnrún adìyẹ ẹlẹ́yin. Òun ló ní ìmọ́tótó jù nínú wa. Bàtà tó bá fi wọ ilé adìyẹ, kò jẹ́ fi jáde síta láé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó pè mí lórí fóònù pé kí n máa bọ̀. Bí mo ṣe dé ẹnu géètì rẹ̀, ó ti ń nawọ́ sí mi láti òkèèrè.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn. Ẹ má wọlé rárá."

Ó gbé adìyẹ kan sókè kí n lè rí i. Ogbe orí rẹ̀ ti dúdú bí èédú, ọrùn rẹ̀ sì rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mẹ́rìnlá ló ti kú láti àná," ó ní.

"Ẹ ti sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Mo ti pe ọ́fíìsì ẹran ọ̀sìn. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí ìpè yẹn jẹ́, nítorí pé ẹni tí kò bá sin adìyẹ rí lè má mọ̀. Tí àìsàn bá wọ ilé adìyẹ, àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á yára kó èyí tó ṣì ń rìn lọ tà kí etí kejì tó gbọ́. Ní ọjọ́ Ajé yẹn gan-an, oníbàárà kan ti gbúròó, ó wá bá Ìyá Ṣadé pé òun á gbé gbogbo rẹ̀ ní ìdajì owó. Obìnrin náà lé e jáde. Ó ní, "Ṣé kí ọmọ ẹlòmíì lọ jẹ ẹ́?" Ó pe ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé, ó pè wọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún pè wọ́n ní Ọjọ́rú. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, kò sí ẹyọ kan tó ṣẹ́kù. Ó gbẹ́ kòtò, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin wọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, nínú aṣọ funfun tó bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n hú díẹ̀ nínú òkú adìyẹ náà, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ní àìsàn ẹyẹ tí í ràn mọ́ ènìyàn ni, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé ní gbogbo àyíká. Gbogbo adìyẹ tí wọ́n bá ni wọ́n pa. Adìyẹ tèmi ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wọlé. Ara wọn dá ṣáṣá. Mo dúró síta, mò ń gbọ́ ariwo wọn, títí ariwo náà fi ń dín kù, tó sì wá dákẹ́. Dókítà ẹran tó ṣáájú wọn, ọmọbìnrin kan tí kò lè tíì pé ọgbọ̀n ọdún, kọ ìwé ẹ̀rí lé mi lọ́wọ́: iye adìyẹ tí wọ́n pa, orúkọ mi, nọ́ńbà fóònù mi. Ó ní kí n tọ́jú rẹ̀, nítorí pé ìjọba á ṣe ìrànwọ́.

Ìyá Ṣadé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òun náà na ọwọ́.

"Màmá, ẹ má bínú," ni dókítà náà wí. "Èyí tí a bá bá láàyè tí àwa fúnra wa pa la máa ń kọ. Òkú adìyẹ kò sí nínú fọ́ọ̀mù."

"Mo pè yín lọ́jọ́ Ajé."

"Mo mọ̀, mà."

"Adìyẹ mi tó wà láàyè lọ́jọ́ Ajé lé ní igba ó lé ọgọ́rin."

Ọmọbìnrin náà wolẹ̀. "A ò rí mọ́tò, mà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn."

Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ṣe rí. Ẹni tí kò fi àìsàn pamọ́, tó jẹ́ pé ìpè rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó ran àwọn ọmọ wa, òun ni kò rí ìwé gbà. Àwa tí a jókòó sílé tí a kò pe ẹnikẹ́ni, àwa la gba ìwé. Mo ká tèmi sínú báàgì. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń ká a.

Lẹ́yìn oṣù bíi méjì, wọ́n kéde lórí rédíò pé owó ìrànwọ́ pàjáwìrì fún àwọn olùsìn adìyẹ ti jáde, wọ́n sì lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì náà ní Ìsọlọ̀. Èmi àti Bàbá Kọ́lá la jọ lọ wò ó. Bàbá Kọ́lá jẹ́ ará Ìkìrun, ó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe nínú ilé iṣẹ́ oníke kan, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ń sin adìyẹ ẹlẹ́ran lórí ilẹ̀ tí wọ́n yá. Nínú gbogbo wa, òun ló ń kánjú jù, nítorí pé onílẹ̀ ti sọ fún un pé ẹnì kan fẹ́ ra ilẹ̀ náà, àti pé tí adìyẹ kò bá padà sórí rẹ̀ kí òjò tó le, òun á gbà pé kò lò ó mọ́.

Ó fi ìka tẹ̀ lé orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ wà níbẹ̀. Tèmi wà níbẹ̀. Ó wá dúró.

"Àǹtí, ta ni ń jẹ́ báyìí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Èyí ńkọ́?"

Méje ni orúkọ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀. Nígbà tó dé orí ẹ̀karùn-ún, Bàbá Kọ́lá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. "Mo mọ ẹni yìí. Ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ló wà, ẹ̀yìn àwọn olóṣèlú ló máa ń tẹ̀ lé. Kò sin adìyẹ rí. Kò tilẹ̀ sin ajá."

Orúkọ Ìyá Ṣadé kò sí níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta mìíràn tí adìyẹ wọn kú kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó dé kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú.

Láti ibẹ̀, mo gba Àjàó Estate lọ, nítorí pé alága ló kó orúkọ wa fún ọ́fíìsì náà. Ọ̀gbẹ́ni Fálọlá ní kí n jókòó, mo ní mo fẹ́ dúró.

"Alága, orúkọ méje wo la rí yẹn?"

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìyá Kẹ́mi, àwọn olóṣèlú ló mú wọn wá. Wọ́n ní tí n kò bá fi wọ́n sí i, ìwé wa kò ní kúrò lórí tábìlì tó wà. Mo fi méje gba ọgbọ̀n. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi ì bá ti sọ fún ẹgbẹ́."

"Kí ẹ lè pariwo, kí gbogbo rẹ̀ lè bàjẹ́."

"Ìyá Ṣadé ńkọ́?"

Ó mú rúlà rẹ̀, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọkùnrin yìí kì í ṣe olè. Kò sí orúkọ ìyàwó rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ nínú méje náà. Ẹ̀rù ló ń bà á, ó sì ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ bí a ṣe ń rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ alágbára. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, n kò rí ìyẹn. Mo jáde láì kí i pé ó dàbọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, a pe ìpàdé sínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkè-Àfà. Àwa àgbàlagbà jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ọ̀gbẹ́ni Fálọlá ní ká gba ìwé orúkọ náà bó ṣe wà, nítorí pé ẹni tí ebi ń pa kì í yan ọbẹ̀. Èmi náà dìde. Mo sọ fún wọn pé adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Pé obìnrin kan wà láàárín wa tó ń làágùn lójú gbogbo wa, a sì fẹ́ gbé owó wa kọjá lójú rẹ̀. Mo ní ká lọ sí ọ́fíìsì náà, ká jókòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi yọ àwọn méje tí wọ́n á sì fi àwọn mẹ́rin sí i.

A dìbò nípa nínàwọ́ sókè. Mo fi ọwọ́ márùn-ún péré borí. Ọwọ́ Bàbá Kọ́lá wà lára wọn. Mo rántí dáadáa pé ó kọ́kọ́ wo ojú mi kó tó nà án.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la gbéra. A ti fi oògùn apakòkòrò fọ gbogbo kéèjì, ìyẹn àgò onírin tí adìyẹ wa ń gbé tẹ́lẹ̀, a sì ti sá wọn sóòrùn fún ọjọ́ méjì. Àwọn kan rù wọ́n sórí, àwọn kan gbá wọn mọ́ra, a gba ọ̀nà àwọn ilé iṣẹ́ kọjá, níbi tí tírélà tò sí títí tó fi dí ojú títì. Dírẹ́bà kan yọ orí jáde.

"Ẹ̀yin ìyá, ta lẹ fẹ́ tì mọ́nú ẹ̀?"

"Ẹni tó bá gbé owó wa mì!" ni Ìyá Ṣadé dá a lóhùn, gbogbo títì sì hó yèè. Mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ kó lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí a dé ẹnu géètì ọ́fíìsì, ọlọ́pàá mẹ́fà ti wà níbẹ̀. Ọ̀gá wọn pàṣẹ pé ká túká. A to kéèjì wa sílẹ̀, a sì jókòó sórí wọn. Ó tún pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kó wọn kúrò. Kò sí ẹni tó sún mọ́ wa. Wọ́n ti gbọ́ nípa àìsàn náà lórí rédíò.

"Ẹ gbé nǹkan yẹn sẹ́yìn!" ni ọ̀kan ń pariwo. "Àìsàn wà lára ẹ̀!"

"Ọ̀gá, a ti fọ̀ ọ́," Bàbá Kọ́lá dá a lóhùn, ó sì na kéèjì kan sí i. "Ẹ wá fọwọ́ kàn án."

Ọlọ́pàá náà fo sẹ́yìn bí ẹni tó rí paramọ́lẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ń ṣe ìyanṣẹ́lódì, ọjọ́ yẹn nìkan ni ọlọ́pàá bẹ̀rù mi rí.

A jókòó síbẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a jókòó ní Ọjọ́rú. Àwọn oníròyìn wá, wọ́n ya fọ́tò, fọ́tò náà sì kárí orí fóònù. Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí oòrùn ti kan àtàrí, olórí ọ́fíìsì náà jáde wá. Ó ní kí wọ́n gbé àga oníke wá, ó sì jókòó láàárín wa. Ohùn rẹ̀ kò le rárá.

"Mo ti gbọ́ ẹjọ́ yín," ó ní. "Orúkọ méje yẹn, a ti yọ wọ́n kúrò."

Ariwo ayọ̀ sọ. Ó dúró títí ariwo náà fi rọlẹ̀.

"Àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí, owó wọn á wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tí adìyẹ wọn kú kí a tó dé, ẹ foríjì mí, ọwọ́ mi ò tó ìyẹn. Òfin ni. Àwọn aṣojú yín ní láti fọwọ́ síwèé lónìí, nítorí pé owó tí a kò bá san kí oṣù yìí tó parí, ibi tó ti wá ló ń padà sí."

Ó na ìwé náà sí mi. Bí mo ṣe ń wò ó, mo rí i pé ẹnì kan ń fa apá aṣọ mi. Ìyá Ṣadé ni.

"Àǹtí, ẹ fọwọ́ sí i," ó ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ẹ jẹ́ kí àwọn yòókù gbà á. Èmi á wá ọgbọ́n mìíràn dá."

Mo sì dá a lóhùn pé, "Ẹ dákẹ́, Ìyá Ṣadé. Torí yín la ṣe wà níbí."

N kò fẹ́ràn láti máa sọ gbólóhùn yẹn jáde. Torí rẹ̀ la ṣe wà níbẹ̀ lóòótọ́, síbẹ̀ mo ní kó dákẹ́.

Mo dìde, mo ní, "Gbogbo wa, tàbí ẹnikẹ́ni má gbà." Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, àwọn kan kígbe. Ọ̀gbẹ́ni Fálọlá nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn, ó ní, "Ìyá Kẹ́mi, ẹ jẹ́ ká gbìmọ̀ ná, bó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré." Mo ní ìpàdé ti wáyé lọ́jọ́ Ìsinmi. Olórí ọ́fíìsì náà ká ìwé rẹ̀, ó sì wọlé lọ.

Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà pé kí ló ṣe mí. Nígbà ìyanṣẹ́lódì ilé iṣẹ́ aṣọ, máníjà wa sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà: ẹ fọwọ́ sí i lónìí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí mọ́. Irọ́ ló ń pa, a sì mọ̀, a dúró, a borí. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé irọ́ ni gbogbo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin orí àga oníke yìí, òótọ́ ló ń sọ.

Oṣù parí, owó padà síbi tó ti wá.

Òjò le. Lórí Wásáàpù, tí a ti máa ń fi àádọ́ta ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lóòjọ́, kò sí ẹni tó ń sọ nǹkankan mọ́ àfi ẹni tó bá fẹ́ ta kéèjì. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Mò ń lọ láti ilé dé ilé, mò ń sọ fún wọn pé ká ní sùúrù. Ní ilé kejì tàbí ìkẹta, mo rí i pé wọn kì í fún mi ní ìjókòó mọ́.

Bàbá Kọ́lá wá sílé mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Kò wọlé, ojú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló dúró sí.

"Àǹtí, wọ́n ti já búlọ́ọ̀kù sórí ilẹ̀ yẹn."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, a máa borí."

"Àwọn wo ni 'a'?"

Mo fa àga sí i kó jókòó, kò jókòó.

"Nínú kíláàsì, ẹ bi mí, mo nawọ́," ó ní. "Lẹ́nu géètì, ṣé ẹ bi mí?"

"Bàbá Kọ́lá, ẹ̀yin náà pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn."

"Mo pàtẹ́wọ́. Ta ni kì í pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ tó dùn? Ṣé ìbò ni pàtẹ́wọ́ ni?"

Ó yí padà, ó lọ. Inú kọ́kọ́ bí mi. Mo sọ fún ọmọ mi Kẹ́mi pé aláìmoore ni. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí ìbínú náà tó rọ̀, ohun tó sì gba ipò rẹ̀ burú ju ìbínú lọ. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Èmi, olórí dúró níwájú mi, ó ń fa apá aṣọ mi, mo ṣì fá a.

Mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Fálọlá. Lọ́tẹ̀ yìí, mo jókòó. Mo sọ fún un pé mo ṣẹ̀ ẹ́, mo sì ṣẹ ẹgbẹ́. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wá ìwé àti rúlà, ó ní, "Kí la fẹ́ kọ?" Ọkùnrin tí mo ti kà sí ojo yìí mọ ọ́fíìsì tí ìwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé, ó mọ ẹni tí a gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí, ó sì mọ ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ padà lọ béèrè. A fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún kan gbáko lọ, a fi ń bọ̀. Kò sí oníròyìn kankan tó wá ya wá ní fọ́tò.

Ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn fún wa ni dókítà ẹran yẹn, ọmọbìnrin tó wolẹ̀. A kò retí rẹ̀. Ó kọ ìwé, ó sì fọwọ́ sí i pé Ìyá Ṣadé pe ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ Ajé, pé adìyẹ tó lé ní igba ṣì wà láàyè lọ́jọ́ náà, àti pé nítorí àìsí mọ́tò, àwọn kò dé àfi ọjọ́ Ẹtì. Mo bi í bóyá kò bẹ̀rù iṣẹ́ rẹ̀.

"Mo bẹ̀rù, mà," ó ní. "Ṣùgbọ́n tí ẹni tó bá pè wá kò bá rí nǹkan gbà, ta ló tún máa pè wá lọ́jọ́ mìíràn?"

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, fọ́ọ̀mù tuntun jáde. Ìlà kan wà nínú rẹ̀ fún adìyẹ tó kú lẹ́yìn tí a ti fi tó wọn létí. Owó jáde pẹ̀lú, ó kéré sí ti àkọ́kọ́, oúnjẹ adìyẹ ni wọ́n fi dí apá kan rẹ̀. Ìyá Ṣadé gbà. Ó fi ọgọ́rùn-ún òròmọdìyẹ bẹ̀rẹ̀ padà. Ọjọ́ tí fóònù rẹ̀ dún pé owó wọlé, ó sáré wá sílé mi, a di mọ́ra, a sì sunkún, kò sì rán mi létí ohun tí mo sọ fún un lẹ́nu géètì. Mo mọ̀ pé kò gbàgbé.

Báyìí, tí ẹ bá bi mí pé ṣé a borí, mo lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìlà kan nínú fọ́ọ̀mù kì í ṣe nǹkan kékeré: níbikíbi tí adìyẹ bá tún ti ń kú, ìlà yẹn wà fún ẹni tí a kò mọ̀. Àwọn méje yẹn kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ṣùgbọ́n nínú àwa tí a lé ní ọgbọ̀n, mọ́kànlá péré ló ṣì ń sin adìyẹ lọ́jọ́ tí owó dé. Àwọn yòókù kò lè dúró. Èmi ló ná ọdún yẹn fún wọn, n kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn.

Mo lọ bá Bàbá Kọ́lá lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ oníke, ní àkókò tí wọ́n ń jáde lọ jẹun ọ̀sán. Owó tirẹ̀ ti wọlé, ilẹ̀ rẹ̀ ti di ilé ìkẹ́rùsí. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó dì mí mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ̀yin lẹ jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Mi ò bínú sí yín mọ́." Ó fi ọwọ́ nu òróró ẹ̀ńjìnì sára sòkòtò rẹ̀. "Àmọ́ tí ẹ bá ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, ẹ má yọ mí kúrò níbẹ̀."

N kò yọ ọ́.

Nínú àwọn mẹ́rin tí adìyẹ wọn kú, méjì kò tíì rí nǹkankan gbà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọn kò pe ọ́fíìsì nígbà náà, wọn kò ní ẹ̀rí. Mo rò pé ọ̀nà ṣì wà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo mú fọ́ọ̀mù méjì, mo lọ bá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́. Èkínní ní ká jà. Èkejì, tíṣà àgbà kan láti Èkìtì, wo fọ́ọ̀mù náà pẹ́, ó sì dá a padà fún mi.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Ó ti sú mi. Ẹ jẹ́ kí n sinmi."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fi ogójì ọdún kọ́ ló dé ẹnu mi. Mo mọ ohun tí mo lè sọ tó máa fi dìde. Mo gbé omi tó gbé fún mi, mo mu ún tán, mo sì bá a sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Lọ́jọ́ kejì, fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni mo mú lọ sí ọ́fíìsì.